Bí Ààrẹ Ìbíkúnlé Ṣe Di Ẹ̀gbọ́n Otto

Kí n tó sọ ohun tó dé bá ọkùnrin yìí, ó yẹ kí n kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ pé, nítorí bó bá gbọ́ pé mo dá a pè ní Ayọ̀ladé lásán, ó lè ní kí n wá fẹnu ara mi ṣàlàyé níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ọlọ́lá Jùlọ, Ààrẹ Gbogboogbò, Olóyè Dókítà Ayọ̀ladé Ìbíkúnlé, Akinrógun, ni olórí Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ Ọmọ Yorùbá ti Dallas àti Àyíká Rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ilé ìwòsàn kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tó ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì tó gbàgbé password wọn ṣí kọ̀ǹpútà. “Ayo” ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní “Io”. Kì í bá wọn jà. Ó mọ̀ pé Sátidé ń bọ̀.

Bí ẹ bá ń ronú nípa Dókítà tó wà níwájú orúkọ rẹ̀, yunifásítì kan ló fi dá a lọ́lá. Yunifásítì náà kò ní ọgbà, kò sì ní akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ pupa dáadáa. Ti oyè ńkọ́? Orí Zoom ni ọba ìlú kan ti fi jẹ ẹ́. Kábíyèsí ní, “Láti òní lọ, ìwọ ni Akin—,” ni íńtánẹ́ẹ̀tì bá já. Kí wọ́n tó tún un so, Kábíyèsí ti wọlé lọ jẹun. Ayọ̀ladé fúnra rẹ̀ ló bá ọba parí oyè náà, èyí tó sì dùn ún gbọ́ jù ló mú.

Ní gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ ń háyà ní Mansfield, àga oníke ni gbogbo ènìyàn ń jókòó lé. Ààrẹ kì í jókòó lé oníke. Àga tirẹ̀, tó ga lẹ́yìn tó sì ní ọwọ́ méjì bí ti bíṣọ́ọ̀bù, máa ń bá a wá láti ilé nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ ni, àwọn ọkùnrin méjì ló sì ń gbé e wọlé bí ẹni gbé òrìṣà. Bó bá wúkọ́, Adéfọlá akọ̀wé á dìde, á ní, “Ikọ́ Ààrẹ, ikọ́ ọgbọ́n ni,” gbogbo ilé á sì pàtẹ́wọ́. Adéfọlá yìí, onímọ̀ ẹ̀rọ ni, ó gbọ́n, ó kàwé. Ṣùgbọ́n ó ti ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá ń yin Ààrẹ kì í bá wọn to àga oníke bí ìpàdé bá parí.

Ọdún ìdìbò dé. Ààrẹ ti lo sáà ọlọ́dún mẹ́fà méjì tí òfin gbà á láyè, ó sì ti ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ pé àkọ́kọ́ jẹ́ ìgbáradì, nítorí náà kò ṣeé kà. Ohun tó bà á lẹ́rù ni obìnrin apòògùn kan tó ń jẹ́ Ọmọ́ládé, ará Little Elm, tó dìde ní ìpàdé oṣù kẹrin, tó ní òun fẹ́ du ipò náà, tó sọ ohun tó fẹ́ ṣe, tó sì jókòó. Kó tó jókòó, omi tútù tí wọ́n bù síwájú rẹ̀ kò tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un láìjẹ́ pé ó wúkọ́.

Ààrẹ rí i pé nǹkan ti fẹ́ bàjẹ́. Ó dìde, ó tún agbádá ṣe. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ nípa páàkì tí wọ́n yóò ti ṣeré ìgbà ooru ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé páàkì kò ní í tó. Ó gbé òkú jáde.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo dúró lórí gbogbo ìlànà tó wà nílẹ̀, àti èyí tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ jẹ́ olórí yín, kí ni wọ́n fi ra ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí? Ẹ̀jẹ̀ ni ìdílé Ìbíkúnlé fi rà á. Àbúrò mi, Olúfúnṣọ́, tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́, òun ló kú sójú ogun fún Amẹ́ríkà. Lọ́dọọdún, ní Memorial Day, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun tó kú, kí àkùkọ tó kọ, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níbi sàréè rẹ̀.”

Kò sí àkùkọ kankan ní àdúgbò Ààrẹ ní Mansfield. Àjọ tó ń darí àwọn ilé ibẹ̀ kò gba adìyẹ láyè. Bóyá ìyẹn náà ló fà á tí Ààrẹ kò fi tíì jí lọ síbẹ̀ rí.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé Olúfúnṣọ́ jẹ́ àbúrò rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀ ni, ó sì gbé pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kó di dókítà, irú èyí tó ń tọ́jú aláìsàn, kí àwọn ènìyàn lè máa pe òun ní ẹ̀gbọ́n dókítà. Ọmọkùnrin náà lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun. Lọ́jọ́ tó wá sọ ọ́, wọ́n jà, ẹ̀gbọ́n sì lé e jáde pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Nígbà tí bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́ ojú ọ̀nà pa á ní Afghanistan, tí wọ́n gbé pósí rẹ̀ dé Dallas, ọjọ́ ìsìnkú bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n fi Ayọ̀ladé jẹ Ààrẹ ní ìgbà àkọ́kọ́. Wúrà ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó sún ayẹyẹ síwájú. Ó ní wọ́n ti gbé kéèkì wá. Láti ọjọ́ náà, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí wọ́n sin àbúrò rẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá parí sí gbọ̀ngàn, ká ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Aishah kò sí níbẹ̀. Dallas ni wọ́n bí i sí, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́, màmá rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ló sì fà á wá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìpàdé ó wá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fi Yorùbá tó ń gba imú jáde kí Ààrẹ, ó ní ìtàn náà wọ òun lọ́kàn. Ṣé òun àti ẹni tó ń ya fídíò lè bá a lọ síbi sàréè náà ní Memorial Day? Ààrẹ gbọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ti dáhùn kó tó rántí pé òun kò mọ ibẹ̀.

*

Nílé, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ojú òpó kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé bí èèyàn bá tẹ orúkọ ológun tó ti kú sí i, á sọ itẹ́ òkú tó wà, ìlà tó wà, àti nọ́ńbà òkúta rẹ̀. Ó tẹ Ìbíkúnlé. Kò sí nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀, ó fi ìka tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan kíkankíkan. Kò sí nǹkan kan.

Lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí ọkùnrin yìí máa ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì ni pé kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ni. Lálẹ́ ọjọ́ yìí ó dá ìjọba Amẹ́ríkà lẹ́bi lójú ẹsẹ̀.

Wúrà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó pe Stella. Stella ni opó Olúfúnṣọ́, nọ́ọ̀sì ni, Forney ló ń gbé, kò sì ju ìrìn wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀ bí òpópónà freeway bá ṣófo. Ààrẹ ní òun ò ní nọ́ńbà rẹ̀. Wúrà ní òun ní in. Ààrẹ ní ọ̀rọ̀ tó kan orílẹ̀-èdè méjì kì í ṣe ohun tí à ń bá obìnrin sọ lórí fóònù. Ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an ni pé, bó bá pe Stella, gbólóhùn àkọ́kọ́ ní láti jẹ́ “ẹ kú ọ̀fọ̀”, ọ̀fọ̀ náà sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Báwo ni èèyàn ṣe ń kí irú rẹ̀?

Nítorí náà, ó yan ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ Alágbára Fún Wíwá Sàréè Akọni Àbúrò Ààrẹ, wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìpàdé lórí àwọ̀ fìlà tí wọn yóò máa dé. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti bá ìjọba Amẹ́ríkà wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ: Ibekunle, Ebikunle, Ibikule. Ẹnì kan tó fẹ́ràn láti máa fi “h” síwájú ọ̀rọ̀ ní kí wọ́n gbìyànjú Hibikunle. Wọ́n lọ sí itẹ́ òkú àwọn ológun tó wà lẹ́bàá adágún, wọ́n ń rìn láàárín àwọn òkúta funfun tó tò lọ bí eyín, títí orúnkún alága ìgbìmọ̀ fi kọ̀ fún un. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ tọkàntọkàn. Ó béèrè ọdún tí ọ̀gbẹ́ni náà kú. Wọ́n ní Ààrẹ kò kọ ìyẹn fún àwọn. Ó béèrè bóyá ó ní ìyàwó tí wọ́n lè bi. Wọ́n ní Ààrẹ ní kí àwọn má bi í.

Memorial Day ku ọ̀sẹ̀ kan. Ààrẹ pe Adéfọlá, ó ní bí sàréè kò bá jáde, akọ̀wé tuntun lè rí i. Adéfọlá wọlé lọ, nígbà tó sì padà dé, ojú rẹ̀ ń dán, ó gbé fóònù lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n Ààrẹ, mo ti rí wọn. Ẹ wò ó: KUHNLE, O. Ẹ mọ bí àwọn ará ibí ṣe ń ṣe orúkọ wa. Wọ́n ti gé ‘Ìbí’ iwájú dà nù. Kúnlé ló kù.”

Ààrẹ béèrè ohun tí “h” ń ṣe láàárín.

“Àmì ohùn ni, sà. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń fi í sí.”

Àtàǹpàkò Adéfọlá bo ibi tí ọdún ìbí wà lójú fóònù náà. Ààrẹ rí àtàǹpàkò yẹn. Ó tilẹ̀ wò ó fún ìgbà díẹ̀. Kò ní kó gbé e kúrò.

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, ẹ má bú Adéfọlá nìkan. Ẹni tó ń purọ́ ti pọ̀ láyé. Ẹni tó ń ra irọ́ ló ń jẹ́ kó tà.

*

Ní àárọ̀ Memorial Day, àsíá kékeré wà níwájú òkúta kọ̀ọ̀kan, koríko tutù, àwọn ẹbí ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú òdòdó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé Ààrẹ pọ̀. Ó wọ agbádá funfun, àga rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Adéfọlá ti lọ ṣáájú, ó ti fi aṣọ sátíìnì bo òkúta náà, ó ní kí ìṣípayá lè ní ọ̀wọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá Aishah ya fídíò so maìkì kékeré kan mọ́ ọrùn agbádá Ààrẹ, ó ní kó máa sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ. Ẹ ò rí i pé àlejò náà kò mọ ohun tó ń tọrọ.

Ààrẹ sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó kan ogun àwọn baba ńlá rẹ̀, ó dé orí ìgbà èwe ara rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ó sọ bí àbúrò òun ṣe wá gba àdúrà lọ́wọ́ òun kó tó lọ sógun. Omijé dé, omijé tòótọ́ ni, nítorí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ máa ń wọ̀ ọ́ lára. Ó di aṣọ náà mú, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó fà á.

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló ka òkúta náà ṣáájú rẹ̀. OTTO KUHNLE ni wọ́n gbẹ́ sí i. KOREA ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún 1931 ni wọ́n bí i.

Aishah rọra béèrè bóyá àbúrò Ààrẹ ni wọ́n bí ní 1931. Ààrẹ, tí wọ́n bí ní 1966, wo òkúta, ó wo Adéfọlá, Adéfọlá ń wo adágún.

“Nílẹ̀ Yorùbá,” ni Ààrẹ wí, “a kì í ka ọjọ́ orí fún òkú.”

Kó tó sọ èyí tó kù, obìnrin òyìnbó arúgbó kan ti yọ láàárín wọn. Josephine ni orúkọ rẹ̀. Àga kíká wà ní apá rẹ̀ kan, òdòdó wà ní ìkejì. Ó béèrè tìwàpẹ̀lẹ́tìwàpẹ̀lẹ́ pé kí ló dé tí wọ́n fi aṣọ bo ọkọ òun.

Ká ní Ààrẹ tọrọ àforíjì níbẹ̀, mi ò ní ìtàn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò tíì tọrọ àforíjì rí láti ìgbà tó ti gun orí àga ọlọ́wọ́ méjì yẹn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí màmá náà fara balẹ̀. Ó ní ó jọ pé ìjọba ti ṣe àṣìṣe, òun sì ti ń bá wọn wí lọ́wọ́. Ó béèrè bóyá ó dá a lójú pé ọkọ rẹ̀ ni.

Josephine ronú sí i, bí ẹni pé ìbéèrè tó dára ni. Ó ní Otto ja ogun Korea, ó padà wálé, ó ta táyà ní Garland, orí bẹ́ẹ̀dì ló kú sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó ní ó máa ń hanrun. Ó ní bí òun bá ti ṣi ọkọ mú, òun ìbá ti sùn dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó gbìyànjú láti sọ ọ́ di ikọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún ikọ́.

Láti ìlà kẹta sí ibi tí wọ́n dúró sí, obìnrin kan tó jókòó níwájú òkúta mìíràn láti àárọ̀ dìde. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rìn wá, ó yà lára àwọn ènìyàn, ó sì kúnlẹ̀ fún Ààrẹ bí ìyàwó ilé ṣe ń kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ.

“Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá mi,” ni Stella wí. “Ibí kọ́. Ọ̀hún ni wọ́n wà.”

Ààrẹ fà á sẹ́yìn kúrò níwájú kámẹ́rà. Ó rọ ohùn sílẹ̀ pátápátá, ó fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, ó béèrè pé kí ló dé tí orúkọ Ìbíkúnlé kò fi sí nínú ìwé ìjọba, irú ìwà wo ni kí wọ́n fi orúkọ mìíràn sin ọmọ Ìbíkúnlé. Ó gbàgbé pé maìkì wà lọ́rùn òun.

“Adékọ́lá ni wọ́n kọ, sà, orúkọ ilé màmá wọn,” ni Stella dáhùn. “Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ tí ẹ lé wọn jáde pé wọn ò gbọdọ̀ gbé orúkọ yín lọ síṣẹ́ ológun. Wọ́n lọ sí kóòtù, wọ́n yí i padà. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ti sọ̀rọ̀.”

Ó kí Josephine, tí wọ́n ti jọ mọ ara wọn láti ọdún tó ti pẹ́, ó sì padà síbi tó ti wá.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ nípa Ààrẹ: ó ti pa ọ̀pọ̀ àṣẹ nínú ayé rẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa dìde bí òun bá wọlé, ìdajì ń dìde. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa dé lásìkò, kò sẹ́ni tó dé. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ràn sí i lẹ́nu délẹ̀délẹ̀ rí, ó sì wà lábẹ́ koríko ní ìlà kẹta.

*

Aishah kò fi ọ̀gbẹ́ni náà ṣe yẹ̀yẹ́. Stella gbà kí wọ́n lo ohùn òun, ìròyìn tó jáde lálẹ́ sì dá lórí ológun kan tó pa orúkọ dà nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní fóònù tiwọn. Kó tó di ọjọ́ kejì, fídíò ibi tí Ààrẹ ti ń sunkún sórí Otto ti dé Houston, ó dé Ìbàdàn, ó dé ọ̀dọ̀ Kábíyèsí orí Zoom, ẹni tó ránṣẹ́ pé òun kò rántí pé òun parí oyè kankan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọdé ń kí i ní “Uncle Otto”. Àwọn àgbà ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n Otto, lẹ́yìn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdìbò, Adéfọlá ló kọ́kọ́ dìde láti fa Ọmọ́ládé kalẹ̀. Ó ní obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ẹgbẹ́ nílò, ó sì fi ọ̀rọ̀ tó pọ̀ gidi ṣàlàyé rẹ̀. Ọmọ́ládé wọlé. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ní kí Adéfọlá máa bá wọn to àga. Ayọ̀ladé gbé àga tirẹ̀ padà sínú bọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó bá a gbé e. Ó wúwo ju bó ṣe rò lọ.

Ní oṣù keje, ní ọjọ́ iṣẹ́, ó bọ́ aṣọ ilé ìwòsàn sílẹ̀, ó ní ara òun kò yá, ó sì wakọ̀ lọ sí itẹ́ òkú náà. Kò sọ fún Wúrà. Oòrùn Texas ń ṣe é bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Níwájú ọ́fíìsì ibẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tí èèyàn lè tẹ orúkọ sí. Ó tẹ Adékọ́lá. Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ náà fún un ní ìlà, ó fún un ní nọ́ńbà, ó sì ya àwòrán ọ̀nà fún un.

Ó dúró níwájú òkúta náà. Ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀ kéré. Ó ti gbàgbé pé ọmọ náà kéré tó bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ tí ẹnu rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní, “Mo dúró lórí gbogbo ìlànà tó wà nílẹ̀,” ìtìjú sì mú un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá àyàfi ẹni tó wà nísàlẹ̀.

“Fúnṣọ́,” ló sọ nígbẹ̀yìn. “Èmi ni.”

Oòrùn mú un títí ó fi fọwọ́ ti òkúta náà. Ohùn kan pè é láti ẹ̀yìn. Josephine ni, ó wà níwájú òkúta Otto lábẹ́ agbòòrùn, ó ń na àga kíká rẹ̀ sí i. Ó ní kí àna òun wá mú un kó tó ṣubú, nítorí òun kò lè ṣàlàyé fún ọkọ òun pé òun jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ kú sínú oòrùn.

Ó lọ, ó gba àga náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kéré, aṣọ rẹ̀ ti ṣá, ó sì ń dún gìrìrì. Ó ṣí i síwájú òkúta àbúrò rẹ̀, ó sì jókòó títí màmá náà fi wá béèrè àga rẹ̀.